Ọkọ̀ Tó Ń Ránṣẹ́ sí Fóònù Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí ìkíni ráyè kọjá lọ́fun mi. Ọkọ̀ tí fóònù rẹ ń sọ fún ọ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ pé wọ́n ti ṣí i, pé wọ́n ti tan án, pé wọ́n ti pa á, kì í ṣe ọkọ̀ olè, kì í sì í ṣe oníjìbìtì ló ń wá ọ kiri. Pikọ́ọ̀pù ìyá rẹ ni. Ìwọ lo ni ín. N kò tà á. Irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́dún tí ìyá rẹ kú, nígbà tí mo ní mo ti tà á láti fi san owó iléèwé rẹ. Owó oṣù mi ni mo fi san án. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ kékeré láti ìgbà náà, mo fi tapólì bò ó bí ẹni bo òkú.

Mo lè kí ọ wàyí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ geere? Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kí ohun tí o bá gbé dúró má wó. Àwa náà wà níbí. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń ríran ju bí dókítà ṣe sọ lọ. Òrùlé yàrá tí o máa ń sùn sí tẹ́lẹ̀ kò jò mọ́. Kò sí ẹni tó tún un ṣe, bóyá ó ti rẹ òjò ni.

Má-kánjú ni àwọn ènìyàn ń pe ọkọ̀ náà, o kò lè gbàgbé. Òun ni ìyá rẹ fi ń kó ẹrù fún àwọn tó bá ń kúrò nílé kan lọ sí òmíràn, ìwọ náà a sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò kanlẹ̀, ìwọ lo máa ń sọ fún un bí kọ́bọ́ọ̀dù bá ti ń yẹ̀ lẹ́yìn. Kí o tó lè fa ìlà tó gún nínú ìwé, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn tí kì í tú. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi fún un, ìwọ ló ń wí. Mo ní mo gbọ́, mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní lẹ́tà kò ní máa kó ìkòkò àti ibùsùn ẹlòmíràn kiri. Mo pa irọ́ náà, o sì gbà á gbọ́, o sunkún, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù. O kàwé tán, o gbé ìwé-ẹ̀rí wá fún mi bí ẹni dá ẹrù padà fún ẹlẹ́rù, o sì lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, n kò ní tún un kọ síbí. Láti ìgbà náà, orí fóònù nìkan la ti ń kíra, Bàbá ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ó dàárọ̀ o.

Nígbà tí òjò ọdún yìí kọ́kọ́ rọ̀, mo lálàá. Ìyá rẹ jókòó sí àga dẹ́rẹ́bà lábẹ́ tapólì, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu gíláàsì láti inú, ó rọra ń nù ún, bí ẹni tó gbà pé ìkùukùu lásán ni tapólì náà, pé bí òun bá nù ún títí, ojú ọ̀nà á hàn. Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, ì bá sàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ ká tapólì kúrò. Bàbá rẹ kékeré ní ṣé mo fẹ́ di dẹ́rẹ́bà lọ́jọ́ ogbó ni, èmi tí n kò gun kẹ̀kẹ́ rí kí n má ṣubú. Mo ní kó jọ̀wọ́, kó gbé ẹnu rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Mẹkáníìkì ló jí ẹ́ńjìnnì dìde. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì bọ́ sórí ohùn rẹ̀ àtijọ́ tí mo máa ń gbọ́ láti inú yàrá. Lẹ́yìn náà ni rìwáyà dé, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, tó sì ń ta oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ń fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn tí àwọn tó ṣe é ti parí tiwọn. Ó yí Má-kánjú po, ó ní Bàbá, ara ọkọ̀ yìí le, àmọ́ ìhòòhò ló wà. Mo ní kó daṣọ bò ó.

Ohun tí a kọ́kọ́ rà ni àtẹ̀gùn irin tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, tí ènìyàn fi ń gòkè. Rìwáyà rò pé nítorí orúnkún mi ni. Ìyá rẹ ló bẹ̀ mí fún un nígbà ayé rẹ̀, ó ní gíga ọkọ̀ náà ń fa ìbàdí òun, mo sì dá a lóhùn pé ẹni tó ń gbé fìríìjì kò lè ní òun ò lè gbé ẹsẹ̀. Àtẹ̀gùn náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń rọ̀, mo máa ń rí i tó ń dán, mo sì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó gùn ún, bí ẹni tó fẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ kọjá.

Rọ́bà dúdú tó nípọn ni wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹrù má baà máa yọ̀, kí irin má sì máa ha igi lára. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bọ́ bàtà kí n tó dé orí rẹ̀, mo sì ní kí bàbá rẹ kékeré lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó ń kùn. Àfi ìgbà tí rìwáyà dé, tó fi bàtà tó kún fún ẹrẹ̀ rìn káàkiri orí rẹ̀, tó ní títẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bàbá rẹ kékeré wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó sì wọ bàtà rẹ̀ padà. Ìbòrí líle kan tún wà lókè rẹ̀ tó ń ká bí ojú ìwé, tí òjò kò lè gbà wọlé.

Okùn pẹlẹbẹ ló tẹ̀ lé e, èyí tó ní irin kékeré tí wọ́n ń fì síwá fì sẹ́yìn tí okùn fi ń le. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí n lè ṣàlàyé fún ọ. Mo bá gbé àga ìgbáralé mi sẹ́yìn ọkọ̀, mo dè é, irin náà ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àga náà kò yẹ̀ mọ́. Mo jókòó sí i. Ọmọ mi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà dára. Ọkọ̀ náà kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n ìkùukùu ń kọjá lókè, nígbà tó yá ó ń ṣe mí bíi pé àwọn ìkùukùu ló dúró, pé èmi ni mò ń lọ, pé àwọn òrùlé ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àti pé bí mo bá ṣáà jókòó jẹ́ẹ́, màá já sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Bàbá rẹ kékeré yọjú, ó ní Bùrọ̀dá, ibo lẹ̀ ń lọ? Mo ní mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Ó ní kí n kí ọ bí mo bá dé.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Rìwáyà fi kámẹ́rà sí ìdí ọkọ̀, lókè bọ́ńpà, ó ní ohun tó bá wà lẹ́yìn yóò máa hàn nínú gíláàsì kékeré níwájú dẹ́rẹ́bà bí wọ́n bá fi ọkọ̀ sí jíà ẹ̀yìn. Nítorí kò fọkàn tán mi pẹ̀lú jíà, ó ṣe bọ́tìnnì kan tí mo lè tẹ̀ kí àwòrán náà yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ẹ̀rọ kan pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní ibikíbi tí ọkọ̀ bá wà, ẹni tó ni ín á máa rí i lórí fóònù. Ó béèrè nọ́ńbà ẹni tó ni ọkọ̀. Mo ṣí ẹnu láti ka tèmi, tìrẹ ló jáde. Òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ nípa ọkọ̀ yẹn nìyẹn. Èmi tí mo kàwé bá da ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, mo ní ohun tí kámẹ́rà bá rí lẹ́yìn ni ìwọ náà ń rí lọ́hùn-ún.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ya irun, mo máa ń tan ọkọ̀, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì, mo sì máa ń lọ dúró lẹ́yìn bọ́ńpà. Mo juwọ́ sí ọ. Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì tuntun hàn ọ́. Nígbà tó ti mọ́ mi lára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo sọ ti kọ́kọ́rọ́, mo sọ ti irọ́, mo sọ ti ọ̀rọ̀ burúkú tí n kò fẹ́ kọ síbí, gbogbo rẹ̀ pátá, iná pupa ìdí ọkọ̀ ń tàn sí mi láyà, adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Mo dúró kí o fèsì. O kò fèsì. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, mo fi orí balẹ̀ sí i. Kí n má parọ́ mọ́, nígbà tó yá mo bínú sí ọ, mo ní ọmọ yìí tilẹ̀ le ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ wá kí mi ni mo tó gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní o sọ fún òun pé àwọn olè kan ń fi ọkọ̀ tí o kò ní dá ọ láàmú lórí fóònù, pé o kì í tilẹ̀ ṣí i láti wo ibi tí ọkọ̀ náà wà. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọjá pé pikọ́ọ̀pù onípikọ́ọ̀pù lo ń háyà ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ gbé àga lọ fún àwọn tó rà á, pé dẹ́rẹ́bà kan já ọ kulẹ̀ láìpẹ́ yìí, òjò sì pa bẹ́ẹ̀dì tí o fi gbogbo ara kàn. Mo gbé omi tí mo fẹ́ mu sílẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe rìwáyà, mo ní kó ṣàlàyé ẹ̀rọ rẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó rí ojú mi, ó dìde. Ó ní Bàbá, ẹ̀rọ yẹn kàn ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà àti ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, tí wọ́n bá tan án tàbí tí wọ́n bá pa á ni. Kámẹ́rà ní tirẹ̀, ẹni tó bá jókòó nínú ọkọ̀ nìkan ló lè rí i.

Ìyẹn ni pé àga tó ṣófo ni mo ń jẹ́wọ́ fún láti ìgbà yẹn. Àga ìyá rẹ. Mo rò ó títí, mo ní bóyá ó yẹ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo kù, ni mo ṣe mú bírò.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó epo ránṣẹ́, nítorí epo inú ọkọ̀ ti tán, mo ti fi jẹ́wọ́. Ìkejì, àga mi ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Mo mọ bí okùn yẹn ṣe ń le, n kò mọ bó ṣe ń tú, ojú sì ń tì mí láti bi rìwáyà. Bí o bá wá gbé ọkọ̀ rẹ, bá mi tú u, tàbí kí o kúkú gbé àga náà lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, n kò sì mọ káfíńtà mìíràn tí mo lè gbé e fún.

Ọwọ́ rẹ kò ní yẹ̀ lórí iṣẹ́. Òjò kò ní pa ohun tí o fi òógùn kàn. Ọ̀nà tí o bá tọ̀ yóò gbà ọ́, ìyá rẹ kò sì ní sùn lẹ́yìn rẹ.

Ohun líle tí ọwọ́ rẹ ń bà nínú àpò ìwé yìí, kọ́kọ́rọ́ ni. Rìwáyà ní kí n gé òmíràn pamọ́ sọ́wọ́. Mo ní rárá, ẹyọ kan ni wọ́n fi rán mi sí ọ. Gbà á.

Bàbá rẹ.