Abọ́ Kan, Ṣíbí Méjì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìyá mi tí mo fúnra mi bí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ẹnu-ò-sinmi ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé ẹnu rẹ̀ ti sinmi díẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò lọ́dọ̀ yín, àbí ó ṣì ń bèèrè ìdí tí irun fi ń hù sí etí bàbá àgbà? Ọlọ́run yóò bá mi dá gbogbo yín sí. Ìlú ńlá tí ẹ wà yẹn kò ní gbé yín mì. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń jáde láàárọ̀ náà ni ẹ óò máa fi wọlé nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá bèèrè wa, a délé láyọ̀. Adìẹ tí mo fi síkàáwọ́ télọ̀ aládùúgbò wa ti sanra ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, mo sì fura pé bí a bá pẹ́ sí i níbẹ̀ ni, adìẹ la ò bá máa wí, ọbẹ̀ ni télọ̀ ì bá máa dáhùn. Afẹ́fẹ́ ká páànù kan lórí ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n mo ti kàn án padà, nítorí ojú á ti káfíńtà tí òjò bá ń pa á nínú ilé ara rẹ̀.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé, tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù, ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù mi sì ní ìwà kan tí n kò fẹ́ràn. Bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn báyìí, obìnrin kan á já lu ọ̀rọ̀ wa, á ní owó mi ti tán. Mo ti bẹ obìnrin náà títí, mo ní ọmọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kó ṣe sùúrù, kò dá mi lóhùn rí. Bóyá àwọn òbí rẹ̀ ò ráyè kọ́ ọ ni.

Ìwọ náà mọ bí ìyá rẹ ṣe wà kó o tó ní ká máa bọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ti papò dà, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Á sè é, á bu tèmi fún mi, á wá jókòó ti tirẹ̀, á máa wò ó títí yóò fi tutù, á sì gbé e fún adìẹ. Ìró tó jẹ́ pé agbára káká ló fi ń yí i ká tẹ́lẹ̀ ti wá ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà fi rọ́bà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó ní kó ṣáà máa jẹun. Mo sọ fún un pé bó bá ń jẹun ni, kí la fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi, n kò sọ ọ́ fún ọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí gidigidi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ tẹ̀ lé.

Nítorí náà, nígbà tí o ní ọdún oúnjẹ kan ń bọ̀ nílùú yín lásìkò ooru yìí, pé gbogbo ẹni tó bá mọ oúnjẹ sè ní í gbé ìkòkò rẹ̀ wá sí pápá ńlá kan, ọjọ́ náà gan-an ni mo ní kó di ẹrù. Mo rò ó pé nínú gbogbo ìkòkò odindi ìlú, a ò ní ṣàì rí ọ̀kan tí yóò bá ẹnu rẹ̀ mu.

Ẹ ṣeun tí ẹ mú wa lọ. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ rántí pé ọmọbìnrin kan so okùn aláwọ̀ ewé mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Mo bi ọkọ rẹ, ó ní kí wọ́n lè mọ̀ pé a ti wọlé ni. Ó yà mí lẹ́nu, torí èmi fúnra mi mọ̀ pé mo ti wọlé. N kò tíì já a o, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo ti jáde. Télọ̀ rí i lọ́wọ́ mi, ó káàánú mi, ó ní ilé ìwòsàn wo ni wọ́n dá mi dúró sí.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí ará ìlú yín ṣe lawọ́. Ní gbogbo ìsọ̀ tí a yà sí, n kò rí kí ẹnikẹ́ni mú owó jáde. Ẹ ó kàn yọ fóònù, ẹ ó fi kan ẹ̀rọ kékeré kan níwájú onísọ̀, ẹ̀rọ á dún pín-ín, onísọ̀ á rẹ́rìn-ín, á gbé oúnjẹ lé yín lọ́wọ́. Ó yé mi kíá. Bí ẹ ṣe ń kí onílé nìyẹn. Ẹnu làwa fi ń kí èèyàn níbí, fóònù yín ló ń bá yín kí tiyín. N kò sì fẹ́ kí wọ́n pe bàbá rẹ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ni mo bá yọ fóònù mi alátọ́ọ̀ṣì, mo fi kan ẹ̀rọ ọkùnrin tó ń yan ẹja. Kò dún. Mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa, tọ́ọ̀ṣì ló tàn sí ọkùnrin náà lójú. Ó wò mí títí, ó wo ọkọ rẹ tó dúró lẹ́yìn mi, ó sì gbé ẹja fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo wá rí i pé ẹni tó bá ní ìwà, bí fóònù rẹ̀ ò tilẹ̀ fọhùn, wọn ó ṣe é lálejò. Ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi nínú ni pé kò sí ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ oúnjẹ láìkọ́kọ́ na fóònù sórí abọ́, kó dákẹ́ díẹ̀. Mo ti rò pé ẹ ò gbàdúrà sí oúnjẹ mọ́ nílùú ńlá.

Ìyá rẹ nìkan ni kò bá wa ṣe é. O gbé ẹran sísun wá, ó fọwọ́ kàn án lásán. O gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó dára, ó sì nà án sí Ẹnu-ò-sinmi. O gbé áìsìkiriìmù wá, ó wò ó títí ó fi yọ́ sí i lápá. Mo rí ojú rẹ, ọmọ mi. O yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ń nu ojú, o ní eruku ló kó sí ọ lójú. Koríko tútù la dúró lé, eruku wo ló fẹ́ dìde níbẹ̀?

Mo ní mo fẹ́ lọ fọwọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n gbé pátákó kan síbẹ̀ tó ní ojú mẹ́ta, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ò rẹ́rìn-ín kò sunkún, ọ̀kan yọ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ké. Wọ́n ní kí kálukú tẹ èyí tó bá bá a mu. Mo tẹ ẹni tó fẹ́ ké, mo sì dúró tì í kí ẹnìkan lè wá bi mí ohun tó ṣe mí. Mo dúró pẹ́. Kò sẹ́ni tó wá.

Nígbà tí mo padà, ẹ ti ń sá sókè sá sódò, ẹ ní ìyá sọnù. Ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ rí i? Ní ìpẹ̀kun pápá, níbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, níbi tí èrò kankan ò yà sí, ìyá ọlọ́bẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ti darúgbó bíi tiwa, ìkòkò rẹ̀ kún bámúbámú. Òun àti ìyá rẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, abọ́ kan wà láàárín wọn, ṣíbí méjì wà nínú abọ́, ìyá rẹ sì ń jẹun. Kì í ṣe pé ó ń tọ́ ọ wò o. Ó ń jẹ ẹ́! O fẹ́ pariwo, mo sáré fọwọ́ bò ọ́ lẹ́nu, mo ní jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán, má lé oúnjẹ lọ. Wọ́n ha abọ́ náà mọ́ tónítóní, ìyá ọlọ́bẹ̀ tún bu òmíràn. Ni mo bá padà lọ sídìí pátákó yẹn, mo tẹ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́, títí ọkùnrin kan fi ní bàbá, ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì ló kù, tí ẹ bá mi jà pé mo jáde láìdágbére, pé ẹ rò pé mo sọnù. N kò sọnù. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Gbogbo ìlú bọ́ wa lánàá, ṣé ká wá wọ mọ́tò láàárọ̀ láìdúpẹ́ àná? Mo padà sí pápá. Ẹ̀ṣọ́ ní ọdún ti parí, mo na okùn ọwọ́ mi sí i, ó sì jẹ́ kí n kọjá. Wọ́n ti ń tú àtíbàbà. Mo bá ẹlẹ́ja níbi tó ti ń di irin rẹ̀ sọ́kọ̀, mo ní ẹ ṣé lánàá, ẹ kú ìnáwó, ó bi mí bóyá ẹja náà yọ wá lẹ́nu. Mo ní rárá, ọpẹ́ ni mo wá dú. Ọkùnrin náà fi irin sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó jọ pé wọn kì í dúpẹ́ àná nílùú yín, ẹ tún un ṣe.

Ìyá ọlọ́bẹ̀ ni mo torí ẹ̀ lọ jù. Ó ń fọ ìkòkò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí, mo wá bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó fi sínú ọbẹ̀ rẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀wà ni, àti ẹ̀fọ́, àti iyọ̀, ó ní ọbẹ̀ kan náà tí ẹnikẹ́ni ò yà rà lánàá ni. N kò gbà á gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi bu èyí tó ṣẹ́ kù sínú ike onídèérí fún mi. Bí mo ṣe ń lọ, ó pè mí padà, ó ní kì í ṣe ọbẹ̀ ni ìyàwó mi wá jẹ. Ó ní òun nìkan lòun jókòó tí òun ń jẹun, ni ìyá rẹ bá dúró, ó ń wo òun, omi sì lé ròrò sí i lójú, ó ní kò yẹ kí èèyàn máa dá jẹun, lòun bá na ṣíbí sí i. Mo mi orí, mo ní ẹ ṣeun. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ọbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ń rò.

Orí itan mi ni ọbẹ̀ náà wà títí a fi délé, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án nínú mọ́tò. Mo gbé e kaná fúnra mi, mo bù ú sí abọ́ tí a fi ń ṣe àlejò, mo gbé e síwájú ìyá rẹ, mo sì dúró tì í. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní mo ṣeun, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo lọ jókòó ti oúnjẹ tèmi. O mọ tábìlì mi yẹn. Ìgbà tí mo gbé ìyá rẹ níyàwó ni mo kàn án, àga kan ṣoṣo ni mo sì kàn tì í, nítorí bí bàbá mi ṣe ń jẹun nìyẹn. Ìyá rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìnkùlé ní tiwọn, wọn á jọ jẹun, wọn á máa rẹ́rìn-ín, èmi á máa ké sí wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn fọkàn balẹ̀ jẹun. Lọ́jọ́ yìí, n kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ṣíbí mi tó ń kan abọ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́bẹ̀ tó wọ̀ mí létí.

Mo gbé abọ́ mi, mo lọ bá a ní ilé ìdáná, mo da tèmi mọ́ tirẹ̀, mo fa àpótí, mo jókòó. Ó bi mí bóyá tábìlì ti wó. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní kó sún mi láyè. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tó yá, ó ní mo ń yára jù, pé ẹ̀gbọ́n òun máa ń dúró de òun. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, kó má bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Kó tó dáwọ́ ẹ̀rín dúró, abọ́ ti ṣófo. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ ti tán, ọbẹ̀ tiwa tó máa ń tutù mọ́ ọn lọ́wọ́ la jẹ, ó sì jẹ ẹ́.

Mo ti gbé àga yẹn fún télọ̀. Mo ti kan bẹ́ǹṣì dípò rẹ̀, mo kàn án gùn kí ẹ̀yin náà lè ráyè bí ẹ bá dé. Ṣùgbọ́n igi ni mo mọ̀ ọ́n gbẹ́, n kò mọ abọ́ ṣe. Abọ́ ilé kéré, ọwọ́ wa ń kọlu ara wọn, ìyá rẹ sì ní ṣíbí mi tóbi ju tòun lọ, pé ìrẹ́jẹ ni. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra abọ́ kan tó fẹjú dáadáa àti ṣíbí méjì tó dọ́gba. Bí o bá fi sí bánkì, ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n yọ̀ǹda kí n rí i. Ìgbà tó kọjá, mo lọ síbẹ̀ kí n lè wo owó tí o fi síbẹ̀ bóyá ó wà ní ipò tó dára, wọ́n fi nọ́ńbà hàn mí lójú ẹ̀rọ, wọn ò jẹ́ kí n rí owó náà sójú.

Ọlọ́run yóò pèsè fún ọ kó o tó máa fún wa. Iṣẹ́ kò ní wọ́n ọkọ rẹ. Ẹnu-ò-sinmi yóò dàgbà lójú wa. Mo ṣàkíyèsí pé nílé yín, kálukú ló ń gbé àwo tirẹ̀ lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, n kò bínú, àdúrà ni mo ń gbà, pé ẹni tí yóò bá yín jẹun kò ní wọ́n yín láéláé.

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń pè mí láti ìgbà díẹ̀. Ó ní oúnjẹ ti fẹ́ tutù, ebi sì ń pa òun, òun ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí èmi.

Èmi ni bàbá rẹ, tí wọn ò tíì sọ fún pé ó ti jáde.