Olóògbé Bartul Grgurin àti Àbùùbùtán Zaglavica (1941–2020)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1941, nígbà tí afẹ́fẹ́ gúúsù ń lu ilẹ̀kùn bí àna tí a kò ṣílẹ̀kùn fún, ni a bí Bàbá wa, Olóògbé Bartul Grgurin, ní Zaglavica ní erékùṣù wa yìí. Bàbá wọn ni Jerolim Grgurin, ọ̀gá àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wọn ni Lukrecija, ọmọ àwọn tó ń fi iyọ̀ tọ́jú ẹja sàdíìnì. Ìran Grgurin kì í bẹ̀rù omi. Bàbá nìkan ni èébì máa ń gbé bí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀, kódà bí a kò tíì tú okùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi rán wọn lọ sí ilé-ìwé.

Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja àti ẹyẹ ní yunifásítì Zagreb, olú-ìlú wa, wọ́n sì gboyè ní ọdún 1965. Wọ́n padà wálé pẹ̀lú táì, fìlà, àti ohùn tuntun kan tí ìyá wọn kò gbọ́ rí. Ní 1967, ìlú fún wọn ní ilé tí a ti ń fi iyọ̀ sí sàdíìnì tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ẹ̀dá etíkun. Yàrá méjì ni, kò sì sí òṣìṣẹ́ mìíràn níbẹ̀. Síbẹ̀, "Olùdarí Àgbà" ni Bàbá kọ sára ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ta ni wọ́n ń darí, wọ́n á nawọ́ sí àwọn òkú ẹyẹ tí wọ́n tò síbẹ̀.

Ní 1969, wọ́n gbé Màmá wa, Perina, níyàwó nínú ìjọ Nikola Mímọ́. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọrin títí di ọjọ́ ogbó. Ohùn wọn máa ń ṣáájú ti àwọn yòókù dé ìparí orin, wọ́n á sì dúró dè wọ́n níbẹ̀.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1973, òkun gbé òkú àbùùbùtán kan jù sí etí omi wa. Nítorí òórùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jẹun gidi nílùú títí di Ọdún Àjíǹde. Nígbà tí egungun rẹ̀ mọ́ tán, Bàbá ní láti lọ gba àmì ẹ̀yẹ kan ní Zagreb, wọ́n sì fi títo egungun náà lé Bàbá Àgbà Jerolim àti àwọn akankọ̀ lọ́wọ́. Bí àwọn yẹn ṣe mọ̀ ọ́n tò náà ni wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n tẹ́ eegun ẹ̀yìn sílẹ̀ bí igi ìdí ọkọ̀, wọ́n gbé àwọn eegun ìhà nàró lórí rẹ̀, wọ́n sì da wáìnì sí i bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ̀ tuntun.

Bàbá wọlé dé, wọ́n figbe ta sí Bàbá Àgbà. "Bàbá, ikùn ẹja yìí ló wà lókè!"

"Ọkọ̀ wo lo rí tí ìdí ẹ̀ wà lókè?"

"Kì í mà ṣe ọkọ̀ ni! Ẹ bá mi yí i padà."

"A ti da wáìnì sí i. Ẹni tó bá yí ìdí tó ti mu wáìnì padà, ọkọ̀ ẹnìkan ló ń dojú ẹ̀ dé lójú òkun. Ṣé ìwé tó o kà ló ní kó o pa ọmọ ọlọ́mọ?"

Bàbá ní òpè nìkan ló ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò yí i. Wọ́n kọ àkọlé dáradára kan síwájú rẹ̀: "Àbùùbùtán Nígbà Ìsinmi." Láti ìgbà náà ni ọkàn wọn kò ti balẹ̀ mọ́. Bí àlejò tó wọ awò ojú, tó jọ ọ̀mọ̀wé, bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Bàbá á lọ dúró láàárín rẹ̀ àti ẹja náà, wọ́n á sì máa ṣàlàyé ẹyẹ fún un títí ọkọ̀ á fi fọn fèrè ìpadàlọ.

Ní 2019, ìjọba agbègbè rán Dókítà Nevenka Hrgić wá yẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà wò. Ẹyẹ kò dá obìnrin náà dúró. Ó wo àbùùbùtán, ó wo àkọlé, ó wo Bàbá. Ó ní bí a kò bá yí ẹja náà padà kí ọdún tó parí, wọn yóò ti ilé náà pa, wọn yóò sì kó gbogbo ohun inú rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá.

"Bàbá Roko, ẹ yí i," ni Màmá wí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní òpè ló ń gbà á gbọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá ń gbọ̀n yín lọ́wọ́?"

"Òtútù ni."

"Nínú oṣù kẹjọ?"

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń gbọ̀n wọ́n. Roko, àkọ́bí wọn, apẹja ni. Kò sí ọjọ́ tí kò lọ sójú omi. Špiro, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn akankọ̀ lónìí, ló mú ìmọ̀ràn wá: kí a ṣe é ní ọjọ́ Nikola Mímọ́ nínú oṣù kejìlá, nítorí pé ọkọ̀ kan kì í jáde lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ pé. A so okùn mọ́ ẹja náà. Bàbá wọ kóòtù, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìkíni gígùn kan sápò. Wọ́n fẹ́ kí Dókítà fojú ara rẹ̀ rí i, ọkọ̀ èrò kò sì ṣiṣẹ́ nítorí ọdún, ni wọ́n bá rán Roko kó fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ gbé e wá láàárọ̀. Wọ́n rò pé á ti dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò pé, ayàwòrán ìwé ìròyìn ń kánjú, àwọn èèyàn ń pe Bàbá ní Olùdarí Àgbà. Orí wọn wú, wọ́n ní ká fà á.

Àbùùbùtán ti gbéra nílẹ̀, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ́ sí òfuurufú, nígbà tí Màmá wọlé.

"Roko dà?"

Bàbá yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Níta, afẹ́fẹ́ gúúsù ti gbéra.

"Ọ̀gá, ṣé ká parí ẹ̀ ni àbí ká dá a padà?" ni Špiro béèrè.

"Ẹ dì í mú!"

"Títí di ìgbà wo? Eléyìí kì í ṣe ìyẹ́ adìyẹ o!"

"Títí ọmọ mi á fi dé!"

"Ṣebí òpè nìkan ló..."

"Špiro, o ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín!"

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ọwọ́ mi ló ń bó."

A dì í mú. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó di okùn mú. Àwọn obìnrin gba okùn lọ́wọ́ àwọn tó rẹ̀. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn kò kúrò ní ẹnu èbúté. Ìgbì ń fò kọjá odi èbúté. A kò rí ọkọ̀. A tún wò, a kò rí i. Lẹ́yìn náà ni imú ọkọ̀ Roko yọ nínú ìfófòó, ó rì, ó tún yọ. Dókítà wà nínú rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ òpó bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ìyá.

Nígbà tí wọ́n gòkè dé, Dókítà na ọwọ́ láti kí Olùdarí Àgbà. Bàbá kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé àga ni. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú Roko mú, wọ́n fọwọ́ kan etí rẹ̀, èjìká rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó pé.

"Bàbá, kí ló dé? Omi lásán ni."

Bàbá yíjú sí wa. "Ẹ yí i tán, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ìkíni náà kò jáde lápò. Dókítà mu ife ọtí rakija kan, ó mu èkejì, ó sì fọwọ́ sí i pé kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà máa wà ní Zaglavica.

Bàbá sùn ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2020, wọn kò sì jí mọ́. Wọ́n fi ìyàwó sáyé lọ, Màmá Perina. Àwọn ọmọ, Roko àti Tonka. Àwọn ọmọ-ọmọ, Jere, Lucija àti Duje. Àti ilé oníyàrá méjì tí àbùùbùtán kan ti dojú ikùn kọlẹ̀ nínú rẹ̀.

Bàbá, a ti wo èbúté kí a tó gbé yín jáde. Gbogbo ọkọ̀ la ti fi okùn so. Roko ló gbé yín léjìká ọ̀tún. Kò sẹ́nì kankan lójú omi lónìí. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ sùn re.