Ọ̀dà Ìjàpá Lórí Èékánná Ìyá Rẹ

Bẹ́yẹrúnká, Ìbàdàn.

Morádéyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Èkó. Ẹni tó bá jí ọ lówùúrọ̀, iṣẹ́ rere ni yóò jí ọ fún. Àlàáfíà la wà, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àti òrùlé tó ṣì ń jò, èyí tí o ní ká ta ọkọ̀ ìjàpá mi ká fi tún un ṣe.

Igò ọ̀dà aláwọ̀ ewé kékeré tí o fi rán awakọ̀ dé, èyí tí o ní ká fi pa ojú ibi tí òkúta ti họ lára ọkọ̀ náà kí Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga tó fẹ́ rà á tó dé. Mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ ra sáńpépà ní Ọjà'ba. Kí n tó dé, ìyá rẹ ti ṣí i, ó rí búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín nínú ìdérí rẹ̀, ó ní ọmọ òun fi kútẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí òun. Ó fi kun èékánná ọwọ́, ó fi kun ti ẹsẹ̀, ó wọ bàtà tó ṣí lẹ́nu lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì yìn ín títí. Nígbà tí mo ní ọ̀dà mọ́tò ni, ó ní ìlara ló ń dà mí láàmú, pé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ òun, mọ́tò ni mò ń kùn, n kò kun òun rí.

Mo fi í sílẹ̀, mo ṣí fídíò bí wọ́n ṣe ń tún ojú ọkọ̀ kùn tí o fi sórí fóònù mi. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni ọkùnrin inú rẹ̀ yẹn. Ó ní ká fọ ojú ibi tó họ, ká rọra fi sáńpépà ha á, ká fi ọ̀dà kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ká jẹ́ kó gbẹ ká tó tún kàn án. Nígbà tí mo fẹ́ lọ pọnmi, mo fi ìka kan ojú rẹ̀ pé kó dúró dè mí, ó sì dúró, ó gbé ọwọ́ sókè, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Mo sáré bọ̀ kí apá má baà ro ó. Nígbà tó parí, ó bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́ tẹ agogo. A kò ní agogo nílé, mo lọ yá ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Oyèdélé tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, mo lù ú dáadáa níwájú fóònù. Àwọn ará ilé kejì gbé Bíbélì dé, wọ́n rò pé ìsìn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fi ọ̀dà tó kù kun ọkọ̀, ó sì kárí gbogbo ibi tó họ, àfi ojú kan lára ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí ìyá rẹ máa ń jókòó sí.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó yí ọkọ̀ po, ó ń fọwọ́ pa á, kò mọ ibi tí mo ti tún ṣe. Inú mi dùn, inú mi sì tún bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé yóò rà á. Nígbà tó kan ojú tó ṣẹ́kù, ó bi mí pé kí ló họ ibẹ̀. Ìyá rẹ ní òun ni. Ó ní ọjọ́ tí òun ń rọbí rẹ, a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mọ́lété lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, òun ń fi òrùka ìgbéyàwó lu ilẹ̀kùn, èmi sì ń bẹ òun pé kí òun rọra, ọ̀dà ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wá rí èékánná ìyá rẹ, ó wo ọkọ̀, ó tún wo èékánná, ó bi mí pé ṣé àwọn méjèèjì ni mò ń tà pọ̀ ni.

Mo ní kò sí èyí tó wà fún títà nínú wọn.

Bá mi bẹ Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, ó náwó epo wá. Owó òrùlé wá kù sí ọ lọ́wọ́ báyìí o, tètè fi í ránṣẹ́ kí òjò tó le. Fi igò ọ̀dà méjì sí i, torí ìyá rẹ ní ti ẹsẹ̀ òun ti ń bó.

Ọlọ́run tó mú ọ la Mọ́lété kọjá kí wọ́n tó bí ọ kò ní jẹ́ kí o há síbì kankan láyé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò tíì ta nǹkan kan,
Gabriel Dáramọ́lá.