Bútà Ọwọ́ Sìdíkátù

Ìyá Mutmainnah, ọdún mẹ́ta ti yí po lórí ilẹ̀ tó bò ọ́ mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Èmi Gàfárù ọkọ rẹ, aránfìlà Bẹẹrẹ, ṣì wà láàyè. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn báyìí, ìtọ̀ sì ń yọ lára mi láìgba àṣẹ bí ó ti ń ṣe nígbà ayé rẹ.

Ṣọ́ọ̀bù wa kò kú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí o bẹ̀bẹ̀ fún títí ti parí, ẹ̀gbẹ́ yàrá wa ló wà. Nígbà mìíràn mo máa ń dé ibẹ̀ kí ìtọ̀ tó dé. Rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi.

O rántí ọ̀rọ̀ dókítà, pé iṣan inú ọ̀pá-ẹ̀yìn mi tó ń pàṣẹ fún àpò ìtọ̀ ló ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Bí wọ́n bá rí ṣòkòtò mi tó tutù, wọ́n á ní àtọ̀sí ni, Gàfárù lọ kó o níta ni. Nítorí náà lo ṣe sọ bútà di aṣọ ìbora fún mi. Níbi yòówù tí a bá jókòó sí láàárín èèyàn, tí o bá ti rí i pé ojú mi yí padà, wàá gbé bútà wá bí ẹni fẹ́ bu omi ìfọwọ́ fún mi, wàá fẹsẹ̀ kọ, omi á sì bò mí látitan dé ẹsẹ̀. Ìwọ náà lo máa ń kọ́kọ́ pariwo, “Yéè, mo gbé!” Wọ́n sọ ọ́ ní Adominù. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ ń yọ̀ bí ẹni fi epo pa á. O gbà á, o sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n so yìgì Mutmainnah. Zakariyya àbúrò mi ní kí òun jókòó dípò mi nítorí ẹsẹ̀ mi. Ọmọ rẹ kọ̀ jálẹ̀! Ó ní bàbá òun wà láàyè, ẹlòmíràn kò ní fa òun fọ́kọ. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Mo wọ ìlédìí àgbàlagbà sábẹ́ agbádá funfun, mo jókòó síwájú àwọn àáfà àti àwọn àna wa láti Òjé.

Àdúrà gùn. Ó gùn, Sìdíkátù! Ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ Mikail ọkọ ọmọ wa nígbà tí ìtọ̀ dé. Ó kún ìlédìí, ó gba agbádá já, ó dé orí ẹní. N kò lè dìde, n kò lè jókòó. Mo gbójú sókè, mo rí Mutmainnah tó dìde láàárín àwọn obìnrin, bútà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé ọmọ náà ti mọ̀ látọjọ́ yìí!

Lójú àwọn àna rẹ̀, lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, òun náà fẹ́ gba orúkọ burúkú nítorí mi. Mo ní rárá.

“Mutmainnah, má da á. Ìtọ̀ ni. Àìsàn ọ̀pá-ẹ̀yìn ló ń ṣe mí. Ìyá rẹ ló máa ń fi omi bo àṣírí mi nígbà ayé rẹ̀.”

Mo rò pé yìgì ti fọ́. Àáfà wo ẹní, ó wò mí.

“Bàbá, ẹ má dìde. Ọlọ́run kì í bi aláìsàn léèrè ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín.”

Mikail kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo fa ọmọ wa lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, ìyá Mikail fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní rọpárọsẹ̀ ti sọ ọkọ òun di ẹni tí kì í jáde mọ́, nítorí ìtọ̀ yìí kan náà, pé kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ dókítà mi. Lọ́jọ́ kejì ni mo mú wọn lọ.

Ojú kò tì mí mọ́, Sìdíkátù. Ìwọ ló yẹ kó o jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, kí o gbọ́ ọ. Àárò rẹ ń sọ mí. Mo fẹ́ràn rẹ, mo ṣì fẹ́ràn rẹ!