Ẹ̀rọ Ìránṣọ Bàbá Rẹ Kì í Ṣe Iwin

Hàmdálàt ọmọ mi,

Mo kí ọ láti Odoakpu, nílẹ̀ Ìgbò níbí. Kí Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí odò Ọya gbàgbé ọ̀nà rẹ̀ má ṣe jẹ́ kí ìwọ gbàgbé tìrẹ ní Èkó. Ara mi le. N kò ní fi oríkì rẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí; o mọ ohun tí o ṣe.

Fíìmù abanilẹ́rù tí o wá yà nílé wa nígbà ìsinmi, tí o ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, ti dé orí fóònù mi. Èmi àti Màmá Obiọra, aládùúgbò wa, la jọ wò ó. A kò tíì wò ó dé ìdajì tí obìnrin náà fi lọ gbé àbẹ́là wá fún mi, ó ní ndo, ìyẹn pẹ̀lẹ́ lédè Ìgbò, òun kò mọ̀ pé wọ́n ti gé iná wa. Mo ṣàlàyé fún un pé iná wà, pé ìwọ lo pa á nígbà tí o ń ya fíìmù náà. Kò gbà. Ó fi àbẹ́là náà sílẹ̀ lọ.

O sọ nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ pé olùkọ́ yín ní kí ẹ̀rù kọ́kọ́ wọ yàrá kí ènìyàn tó wọ̀ ọ́. Mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí èmi náà lọ sí Pólì. O ní ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí àjà lè dà bí ohun tó fẹ́ wó luni. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá ní ohun tí wọn yóò gbé kámẹ́rà lé, kí wọ́n kọ̀wé sí àwa òbí. Níbi tí kámẹ́rà ti tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni kò wọlé, mo dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn náà fúnra mi. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo sì ta epo sí irin rẹ̀ tó ń dún.

Gbogbo ìyẹn ni mo lè fara mọ́. Ṣùgbọ́n o ṣí aṣọ tí mo fi bo ẹ̀rọ bàbá rẹ láti ọjọ́ tó ti kúrò láyé. O jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa ró nínú òkùnkùn láìsí ẹni nídìí rẹ̀, kí ohùn ọkùnrin kan sì máa pe oríkì rẹ. Ìwọ tí o ṣe ọmọ ilé nínú fíìmù náà wá ké, o sá jáde. Hàmdálàt, o sá fún bàbá rẹ.

Ṣé o ti gbàgbé ni? Nígbà tí mo bá lọ sí Relief Market, orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn lo máa ń jókòó, tí o ń di òwú mú fún un. Ẹ̀rọ á ró, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń mí, á tún máa lọ, bàbá rẹ á sì máa fi oríkì rẹ tẹ̀ lé e. Àwọn oníbàárà wa tí wọ́n jẹ́ Ìgbò rò pé orin ni, wọn a máa bá a gbè é. Ìró yẹn lo fi ń dẹ́rù bani. Kò bà mí lẹ́rù. Mo gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́ títí bátìrì fóònù fi kú.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró ẹ̀rọ àti gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o sì wá ṣáájú Iléyá láti tún ìparí rẹ̀ yà. Bí ẹ̀rọ bá ró, tí ohùn bá pè, kí ọmọ náà má sá. Kí ó jókòó sórí àpótí, kí ó di òwú mú.

Kí Ọlọ́hun má ṣe sọ ohùn ẹni tó fẹ́ràn rẹ di ẹ̀rù fún ọ láé, Àníkẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ.