Ọmọ Tí Wọ́n So Mọ́ Ẹsẹ̀ Ibùsùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nígbà tí mo ti ìlú dé, tí mo ṣílẹ̀kùn àgọ́ wa, àgọ́ darandaran láàárín pápá:

Ààrò irin láàárín ilé, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Kò sí àgbà kankan nítòsí. Ọ̀já pupa tí Màmá fi ń gba kóòtù mọ́ ìbàdí — orí kan rẹ̀ lára ẹsẹ̀ ibùsùn, orí kejì ní ìbàdí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kókó rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó. Abọ́ tíì oníyọ̀ kan tó ti dànù. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, ilà roboto kan tó ti họ: ibi tí ọ̀já gùn mọ, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń pààrà. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó kàn ń wò mí bí àgùntàn ṣe ń wo ẹni tó ń kọjá lọ.

Mo tú u.

Màmá gbé garawa yìnyín wọlé. Wọ́n béèrè pé ta ló ní kí n tú u. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Haliun, ẹsẹ̀ ibùsùn yìí kan náà ni mo so ìwọ náà mọ́. Ṣé o kú ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gun òkè lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pe ẹ̀gbọ́n mi Zorig. Ọsibítù ìlú ni wọ́n wà pẹ̀lú ìyàwó wọn, wọ́n ń retí ọmọ kejì. Ṣebí àwọn náà ló ní kí n wá máa tọ́jú ọmọ. Mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, okùn ò pa ọmọ rí. Iná ló ń pa ọmọ."

Mo gé fóònù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òtútù ìta yìí, itọ́ á dì kó tó kanlẹ̀. Inú ilé la wà látàárọ̀. Ọmọ náà ń jẹ́ Muunohoi, ọmọ ọdún méjì àtààbọ̀ — "ajá burúkú" ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn, Màmá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ojú aburú má baà kàn án. Orúkọ gidi wà, kò sẹ́ni tó ń pè é.

Mo da eegun kókósẹ̀ àgùntàn sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní: ìkan ń jẹ́ ẹṣin, ìkan ràkúnmí, ìkan àgùntàn, ìkan ewúrẹ́. Bó ti wù kí eegun balẹ̀, ọmọ á ní: "Ràkúnmí!" Ó dáa, ràkúnmí ni gbogbo wọn. A kó wọn lọ mumi. A kó wọn sùn. Mo fi ìyẹ̀fun mọ ẹṣin. Ó bu orí rẹ̀ jẹ. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ bàtà ẹ̀gbọ́n mi, mo ń fi í sáré lórí ibùsùn. Kí n tó sọ pé kí n mí, ó ti yí padà sí ààrò. Gbogbo ìgbà ni. Bí ẹni pé iná yẹn ń pè é lórúkọ.

Màmá yọjú. "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Igba àgùntàn ń bẹ níta, àgbàlagbà ń fi bàtà ṣe ẹṣin."

Lórí ìwé yìí nìkan: Ọ̀gágun ni màá máa pe Màmá láti òní lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo jáde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Kí n tó padà, wọ́n ti so ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀gágun nìkan ló fọ́ yìnyín ojú kànga lónìí. Ìka wọn ti là, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ní èèyàn méjì ló yẹ kó wà níta, pé ọmọ wo ló ń gba odidi èèyàn kan. Òótọ́ ni. Pé òótọ́ ni, ìyẹn tún ń bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, Muunohoi mú okùn bàtà, ó ń fi wé eegun kan mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. "Dúró síbẹ̀!" Ohùn Ọ̀gágun gẹ́lẹ́.

Mo bojú wo ògiri. Mi ò fẹ́ kó rí ojú mi.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Ìjì bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Màmá já ilẹ̀kùn wọlé, yìnyín ti bo ìpéǹpéjú wọn: "Àgùntàn ti ń bá ìjì lọ! So ó, kó o máa bọ̀!" Wọ́n ti lọ.

Mo mú ọ̀já. Mo yíjú sí ọmọ — ó ti gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè. Fúnra rẹ̀. Kí n lè ráyè dì í.

Mo ju ọ̀já nù. Mo mú ẹ̀mú, mo kó gbogbo ẹ̀yinná sínú garawa, mo dà á sínú yìnyín níta. Mo bu yìnyín sínú ààrò títí tó fi dákẹ́. Mo fi gbogbo awọ onírun tó wà nílé wé Muunohoi, mo kó eegun tì í, mo sáré jáde.

A dá agbo padà, kì í ṣe gbogbo wọn. Nígbà tí a ń bọ̀, Màmá ló kọ́kọ́ rí i pé èéfín ò jáde lórí àgọ́. Mi ò rí i kí wọ́n sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ wà láàárín awọ, imú rẹ̀ pọ́n. Ó na eegun sí wọn: "Ràkúnmí." Wọ́n gbọ́wọ́ lé ààrò. Ó tutù.

Àwọn èèyàn wa kì í pa iná ilé. Èèyàn kì í ta omi sí i, kì í tilẹ̀ fi ọ̀bẹ tọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣépè fún ọ̀tá, wọ́n á ní kí iná ilé rẹ̀ kú. Màmá gbá mi létí. "Iná bàbá ẹ! Iná tí ìyá ọkọ mi fi lé mi lọ́wọ́! Ìwọ lo pa á?"

Mo ní, "Èmi ni. Ẹ bá tún so ọmọ yìí, màá tún pa iná yẹn."

Mi ò sọ̀rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n dá iná tuntun, wọ́n fi bọ́tà sí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó pẹ́. Wọ́n wá dìde, wọ́n jáde. Mo rò pé pàṣán ni wọ́n lọ mú. Ariwo irin ni mo gbọ́. Wọ́n ń wọ́ àwọn irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà ọ̀dọ́ àgùntàn bọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Wọ́n tò wọ́n yí ààrò ká, wọ́n fi wáyà dì wọ́n, wọ́n mì wọ́n wò. Ojú irin ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi sọ pé, "Ibi tí ọ̀dọ́ àgùntàn máa sùn, ẹni tó pa iná ni kó wá a."

Muunohoi di irin mú, ó nawọ́, kò tó. Ó kúrò níbẹ̀, ó sáré yípo gbogbo àgọ́.

Wọ́n bí mi bá àwọn irin yẹn nílé yìí ni! Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n ń ṣọgbà fún ọ̀dọ́ àgùntàn. Èmi, wọ́n so mí. Zorig, wọ́n so ó. Kò sẹ́ni tó rò ó pé iná ló yẹ ká há mọ́.

Etí mi ṣì ń hó. Ọ̀dọ́ àgùntàn mẹ́ta ló wà lórí ibùsùn mi. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ ní aago méje kọjá díẹ̀.