Ìtàn Ìgbésí Ayé Alàgbà Tajelsir Babikir, Ẹni tí Ó Kọ Ayò Orílẹ̀-Èdè Wa Sára Pátákó ní Atbara

Ní ìlú al-Damer ní Sudan, létí odò Náílì, ni a ti bí bàbá wa, Alàgbà Tajelsir Babikir Hamadnallah, ní ọdún 1938. Babikir, awakọ̀ ojú irin, ni bàbá wọn. Sittana ọmọ Idris ni ìyá wọn. Bàbá wa ni àkọ́bí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ni a bí àbúrò wọn kan ṣoṣo, Alàgbà Shawgi, tí Ọlọ́run dá sí fún wa. Àbúrò yìí ni wọ́n ka ìtàn yìí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí a má yọ ohunkóhun kúrò.

Bàbá lọ sí ilé kéwú ní al-Damer, wọ́n sì parí ilé ẹ̀kọ́ ní Atbara. Ní ọdún 1955, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin gbà wọ́n sí iṣẹ́ wáyà tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ní ibùdókọ̀. Etí wọn mú púpọ̀. Wọ́n lè máa mu tíì lọ, kí wọ́n sì ti mọ ẹni tí ń tẹ wáyà láti Khartoum nípa bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yára. Ní ọdún 1961, wọ́n gbé ìyá wa, Batoul ọmọ Awad, níyàwó láti ìlú Berber.

Ọdún 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo Atbara fi mọ̀ wọ́n. Nígbà náà, bí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa bá lọ ṣe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lókè òkun tàbí ní ilẹ̀ aládùúgbò, ó di ọjọ́ kejì kí rédíò tó sọ èsì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan tí ń jẹ́ Abdelbagi, tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ wáyà ní Khartoum, a sì tẹ èsì ránṣẹ́ sí wọn. Bàbá a mú ṣọ́ọ̀kì, wọn a sọ̀ kalẹ̀ síbi pátákó dúdú tó wà lára ògiri ibùdókọ̀, wọn a kọ gbogbo rẹ̀: iye ayò, ẹni tó gbá a wọlé, ẹni tó ṣe àṣìṣe. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko, kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí wọn kò kọ. Ìgbà kan tí ibà dá wọn gúnlẹ̀, ìyá wa ló di apá wọn mú dé ìdí pátákó.

Wọn kì í ṣe ojúsàájú. Nígbà tí ọmọ Hajja Medina, ìyá oní-tíì, gbá pẹnáritì sójú sánmà, Bàbá kọ ọ́ gàdàgbà. Odidi oṣù kan ni Hajja Medina fi ta tíì tí kò ní ṣúgà fún wọn. Wọ́n mu gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1964, a mú Shawgi ṣe aṣọ́lé fún orílẹ̀-èdè. Ìyá wọn, Sittana, pa àgùntàn. Láti ọjọ́ náà, bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wà, Ìyá Sittana a wá jókòó ní ibùdókọ̀. Wọn kò mọ̀wé, àkọ́bí wọn ló máa ń kà á sí wọn létí.

Ní ọdún 1966, ikọ̀ wa lọ gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí a ti ní àna níbẹ̀ báyìí. Wáyà dé pé wọ́n fi ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan nà wá, pé aṣọ́lé jẹ̀bi méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Abdelbagi wá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un: “Tajelsir, ọmọ ìyá ẹ ni o. Iye ayò nìkan ni kó o kọ.”

Bàbá tẹ èsì padà: “Mo kọ ti ọmọ Hajja Medina.”

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọn kò lè kà á sí ìyá wọn létí. Awakọ̀ kan ló kà á. Ìyá Sittana dìde, wọ́n fa aṣọ ìbora wọn bo orí, wọ́n ní: “Ọmọ méjì péré ni mo bí. Ọ̀kan dúró sẹ́nu ilé fún orílẹ̀-èdè, èkejì wá kọ ìtìjú rẹ̀ sára ògiri.”

Nígbà tí Shawgi fi ọkọ̀ ojú irin dé lọ́jọ́bọ̀, ó ka pátákó náà, ó gbé àpótí rẹ̀, ó sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìyà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó di káfíńtà ní ọgbà àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin. Ìyá wọn kó lọ bá a. Ọdún mẹ́rin ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi ń kírun ní mọ́sálásí kan náà láìsọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá wà ní ìlà iwájú, èkejì a lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Ìyá wa sọ fún wa pé láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Bàbá kì í jẹun yó.

Ní oṣù kejì ọdún 1970, orílẹ̀-èdè wa gba ife Áfíríkà ní Khartoum. Rédíò ti sọ ọ́, síbẹ̀ èrò rọ́ dé ibùdókọ̀ láti fi ojú ara wọn rí i lára pátákó. Bí Bàbá ṣe kọ ọ̀kan sí òdo tán, Shawgi jáde láàárín àwọn káfíńtà, ó wá dúró tì wọ́n.

Ó ní: “Ayò kan ni mo jẹ̀bi. Ti àkọ́kọ́, oòrùn ló wọ̀ mí lójú. Mi ò rí bọ́ọ̀lù yẹn rárá.”

Bàbá bi í pé: “Kí ló dé tó ò sọ fún mi láti ọdún mẹ́rin?”

“Ẹ ò bi mí, ẹ̀gbọ́n mi. Wáyà lẹ bi.”

Bàbá tún mú ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí pátákó, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ èsì ife náà pé: Àtúnṣe. Ní ọdún 1966, ayò kan péré ni Shawgi Babikir jẹ̀bi. Oòrùn ló fa èkejì. Akọ̀wé kò bi í léèrè.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ń bèèrè pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wo nìyẹn. Hajja Medina ní kí wọ́n bi ọmọ tòun náà, ó lè jẹ́ pé ìjì ló gbé pẹnáritì tirẹ̀ lọ. Shawgi kò rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí láwàní nu ojú. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sittana se ọbẹ̀ ilá gbígbẹ, wọ́n tẹ́ kísírà, búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wa, sórí àwo ńlá kan, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Ìyá dúró ti àwọn méjèèjì títí àwo fi mọ́. Ní ọdún 1972 ni ìyá náà jáde láyé. Bàbá kò kọ pátákó mọ́ lẹ́yìn náà.

Wọ́n ṣiṣẹ́ ní Port Sudan láti ọdún 1980, wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 1988, wọ́n sì fẹ̀yìn tì ní 1993. Àwọn ló gbé ìkòkò omi mímu mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí wa, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn pọn omi sí i. Bí a bá mú ẹjọ́ ẹnikẹ́ni wá bá wọn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé: “Ṣé ẹ ti bi òun fúnra rẹ̀?” Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni kò kọjá ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2011, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá fara ti ìrọ̀rí, wọn kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n. Wọ́n fi ìyá wa Batoul sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta, Ikhlas, Mutasim àti Rabab, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àbúrò wọn.

Alàgbà Shawgi ni wọ́n wọ inú sàréè lọ tẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní kí a tẹ ọ̀rọ̀ wọn yìí síbí: “Ọdún mọ́kànlélógójì la fi jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èyí tí a fi dákẹ́. Mẹ́rin yẹn ṣì ń dùn mí.”

Bàbá wa, ẹ sùn pẹ̀lú ọkàn fúyẹ́. Kí yẹ̀pẹ̀ Atbara rọ̀ lára yín. Kí Ọba Aláàánú gbọ́ tẹnu yín kí Ó tó dájọ́, kí Ó sì fi Alijánnà ṣe ilé yín. Àmín.